Ilẹ̀kùn Ìrókò àti Ògbufọ̀ Inú Ẹ̀rọ

Kò sí ìṣó kan ṣoṣo nínú ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí wa. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó wá síbi tí a kọ́ ọ sí lẹ́yìn àdúgbò Alabar, kó wo iwájú rẹ̀, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀, kó fi èékánná tọ oríkèé rẹ̀ kiri. Igi ló di igi mú níbẹ̀. Èmi ni mo ṣe é. Mo ti ṣe ilẹ̀kùn púpọ̀ ní Kumasi yìí. Mo ti ṣe fún Ashanti, mo ti ṣe fún Hausa, mo ti ṣe fún òyìnbó kan tó fẹ́ràn ilẹ̀kùn náà débi pé nígbà tó ń lọ sílùú rẹ̀, ó fi ilé sílẹ̀, ó gbé ilẹ̀kùn lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, bí mo bá ní ọwọ́ mi nìkan ló ṣe é, Ọlọ́run yóò bi mí.

Ilé-ìwé mi kò kọjá kíláàsì mẹ́ta. Ojú kò tì mí láti sọ ọ́, nítorí àwọn tó kàwé jù mí lọ, àga tí mo kàn ni wọ́n ń jókòó lé. Bàbá bàbá mi ló kó ìdílé wa wá sí ilẹ̀ yìí láti ìhà Ọ̀yọ́. Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ igi, òun náà ló sì kọ́ mi ní kíkà àti kíkọ Yorùbá. Yóò fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ sára pákó, bí mo bá kà á tán, yóò ní kí n fá a kúrò kí òun lè kọ òmíràn. Igi tí mo kà pọ̀ ju ìwé tí mo kà lọ.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Santasi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ̀ trotro ti ń já èrò sílẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, àkọ́bí mi, ló gbé ẹ̀rọ wọ ibẹ̀. Òun ti jáde yunifásítì, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Ó ń kọ àṣẹ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, kí kọ̀ǹpútà lè mọ ohun tí yóò ṣe. Àwọn tó ń bá ṣiṣẹ́ wà lọ́nà jíjìn, ṣùgbọ́n orí tábìlì tí mo kàn fún un ló ti ń ṣe é. Ẹ̀rọ tó gbé wá dà bíi tábìlì tó ní apá. Ẹ ó tẹ́ pákó sí i, apá náà yóò gbé ọ̀bẹ tó ń yí kiri lórí rẹ̀, yóò sì gé e bí ẹ bá ṣe sọ fún un. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹ̀yìn máa dun bàbá òun mọ́. Mo ní ẹ̀yìn kankan kò dùn mí. Ẹ̀yìn ń dùn mí.

Ọ̀rọ̀ bí ẹ ó ṣe sọ fún ẹ̀rọ ọ̀hún ni gbogbo ìtàn yìí. Èdè tirẹ̀ ló gbọ́, èdè àtijọ́ kan tí àwọn tó ṣe é ní Ṣáínà kọ sínú rẹ̀. Ọmọ mi gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n kò yá a lẹ́nu. Èdè mìíràn tó mọ́ ọn lára ló fi ṣe ojú ewé kan sórí kọ̀ǹpútà, níbi tí èmi yóò ti máa tẹ ìwọ̀n igi. Ó wá kọ nǹkan kékeré kan sí àárín èdè méjèèjì, tí yóò máa gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èyí, tí yóò sì máa fi jíṣẹ́ fún ìyẹn.

Mo ní, "Ìyẹn ni pé ògbufọ̀ lo fi síbẹ̀."

Ó ní, "Ẹ gbà á, Bàbá. Ògbufọ̀ ni."

Ìjà wa àkọ́kọ́ jẹ́ ti mìlímítà. Ó fẹ́ kí n máa fi wọn igi. Ó ní ínṣì méje àti ààbọ̀ mi, nǹkan bí àádọ́wàá mìlímítà ni. Mo ní, "Àádọ́wàá kí ni? Ṣé pákó ni mò ń gé ni àbí mò ń ka èèrà?" Ínṣì ni bàbá mi lò, ínṣì ni gbogbo káfíńtà tó wà láti ibí dé Asafo ń lò, àti àwọn ọmọ ínṣì, ààbọ̀, ìdámẹ́rin, ìdámẹ́jọ.

Ó rẹ́rìn-ín. "Yoo, Papa. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ sára igi. Èmi ni mo máa wá bí ẹ̀rọ á ṣe gbọ́ ọ."

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ sára igi rèé: mo máa kọ odindi, mo máa fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, mo máa wá kọ ìdá rẹ̀, ọ̀kan lókè, méjì nísàlẹ̀, ìlà láàárín. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé rẹ̀.

Nígbà tí mọ́ṣáláṣí tuntun ń parí lọ, ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ pè mí. Alága wọn jẹ́ Alhaji àgbà kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju ayùn mi lọ.

"Káfíńtà," ó ní, "gbogbo mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ń kọ́ nísinsìnyí, irin ni ilẹ̀kùn wọn. Wẹ́dà kan ní Asafo ti jó ọ̀kan sílẹ̀, ó dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń dán. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ló ṣe ti mọ́ṣáláṣí wa àtijọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi pè ọ́. Jímọ̀ tó ń bọ̀ la máa kọ́kọ́ kírun níbẹ̀. Bí ilẹ̀kùn rẹ bá wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wà níbẹ̀ títí ayé. Bí kò bá sí, irin ni."

"Wallahi, Alhaji, ẹ sọ fún wẹ́dà kó gbé tirẹ̀ wọlé, kí òjò má pa á."

Bí mo ṣe jáde níbẹ̀ ni mo lọ wá igi. Mo rí ìrókò, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní odum, tó ti wà ní àjà ilé àtijọ́ kan láti ìgbà tí mi ò tíì gbọ́njú. Ó gbẹ bí egungun. Ó tó ilẹ̀kùn kan, ó sì ṣẹ́ kù díẹ̀. Irú rẹ̀ kò sí mọ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo gbé e.

Ọgbọ́n bàbá mi ni mo fẹ́ lò. Pákó kéékèèké ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ahọ́n tirẹ̀ àti ihò tirẹ̀, wọn yóò wọ inú ara wọn bí ìka ọwọ́ méjì tó há mọ́ra, férémù yóò sì di gbogbo wọn mú. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í fojú kéré ìdámẹ́jọ ínṣì. Mo fi ọwọ́ mi gé férémù, nítorí kò sí ẹ̀rọ tó lè gé férémù bí èmi. Àwọn pákó kéékèèké ni mo fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Mo jókòó, mo ń tẹ ìwọ̀n, ẹ̀rọ ń gé, mo ń fi pẹ́ńsù kọ ìwọ̀n náà sí ẹ̀yìn pákó kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe ń jáde. Mo ń mu tíì, ẹ̀yin ará. Káfíńtà ń mu tíì, igi ń gé ara rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n. Àwọn kan wọlé, kọ̀ì, bí ẹni wọ bàtà tirẹ̀. Àwọn kan kò dúró rárá. Bí mo bá fọwọ́ kan férémù, wọ́n á mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ bí eyín arúgbó. Ibòmíràn wà tí ìka mi ń gbà kọjá. Mo tú u, mo tún un tò. Mo yí wọn padà. Bákan náà ni.

Ibi tí mo ti dúró tí mò ń wò ó ni Alhaji bá mi. Kò sẹ́ni tó pè é.

"Káfíńtà, sannu. Ilẹ̀kùn lèyí àbí ajere?"

"Ó ń lọ lọ́wọ́, Alhaji."

"Mo rí i pé ó ń lọ. Èmi náà ń rí gbogbo ọ̀nà Santasi láti inú rẹ̀." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti pákó kan, pákó náà sì jábọ́. "N ó ní kí wẹ́dà má tíì ta tirẹ̀."

Nígbà tó lọ tán, ọmọ mi jáde wá láti ìdí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé oúnjẹ ọ̀sán dé.

Ọmọ mi ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé ẹ wọ̀n wọ́n dáadáa?"

"Ta lò ń bi? Èmi? Kí n tó mọ ìyá rẹ ni mo ti ń wọn igi. Ìyá rẹ gan-an, ojú lásán ni mo fi wọ̀n ọ́n, ó sì wọ ilé mi pé."

Ìyàwó mi gbé abọ́ sílẹ̀. "Ta ló wọn ta? Ẹ yọ mí kúrò nínú ọ̀rọ̀ ínṣì yín o."

"Ẹ̀rọ ọmọ rẹ ló ń parọ́," mo ní.

"Ẹ̀rọ kì í parọ́, Bàbá. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló ń ṣe."

"Èmi náà kì í parọ́. Ta ló wá ṣẹ́ kù láàárín èmi àti ẹ̀rọ?"

Ọmọ mi sún mọ́ férémù. Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá, èwo nínú wọn ló wọlé?"

A jókòó sórí ilẹ̀, àwa méjèèjì, a ń ṣa pákó. Èyí tó wọlé, ọ̀tún. Èyí tó ń mì, òsì. Ó ń dojú wọn dé kó lè rí ohun tí mo kọ sẹ́yìn wọn. Àwọn ti ọ̀tún, odindi nọ́ńbà ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Àwọn ti òsì, kò sí ọ̀kan tí kò ní ìdá. Ó gbé téèpù lé èyí tí mo kọ méje àti ààbọ̀ sí. Méje géérégé ni. Ó gbé e lé èyí tí mo kọ mẹ́rin àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sí. Mẹ́rin géérégé.

Ó gbé ọwọ́ lérí. "Ye! Papa, kafra. Kafra, kafra."

Twi ló fi ń bẹ̀ mí, torí bí ọ̀rọ̀ bá dun ọmọ yìí dé egungun, Twi ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ohun tí ẹ ń tẹ̀ yẹn, Bàbá, lójú kọ̀ǹpútà, kì í ṣe nọ́ńbà."

"Nọ́ńbà ni mo tẹ̀."

"Ẹ̀yin mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, gbogbo nǹkan ló ní irú tirẹ̀. Nọ́ńbà jẹ́ irú kan, ọ̀rọ̀ jẹ́ irú mìíràn. Ojú ewé tèmi, ohunkóhun tí ẹ bá tẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ló ń kà á sí, bí ẹni pé ẹ kọ orúkọ sílẹ̀. Èdè ẹ̀rọ ní tirẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀, nọ́ńbà nìkan ló ń gbà. Ògbufọ̀ tó wà láàárín ló ní láti sọ ọ̀rọ̀ yẹn di nọ́ńbà kó tó fi jíṣẹ́."

"Ó wá sọ ọ́ di kí ni?"

"Ó ka méje, ó yé e. Ó dé ibi àyè tí ẹ fi sílẹ̀, kò mọ ohun tó wà níwájú, ó sì dúró síbẹ̀. Ó mú méje tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún ẹ̀rọ."

"Kò béèrè?"

"Kò béèrè. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Èyí tó bá yé e ni kó mú, kó ju ìyókù nù, kó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ìwọ ṣáà dán an wò nígbà tí o gbé e dé. Ìṣojú mi lo ti tẹ méje àti ààbọ̀, tó gé e pé."

"Ààbọ̀ tèmi ni mo tẹ̀, Bàbá. Méje pọ́ìntì márùn-ún. Kò sí àyè láàárín rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n kà. Mi ò rò ó rárá pé ẹlòmíràn lè kọ ààbọ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Èmi tí bàbá mi jẹ́ káfíńtà!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ó yé mi. Kì í ṣe pé mo mi orí lásán bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe tí ọmọ wọn bá ń sọ òyìnbó. Nígbà tí a wà ní kékeré, ìyá Ashanti kan ló ni ilé tí a ń gbé ní Alabar. Ìyá mi kò gbọ́ Twi nígbà náà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ìyá mi ní kó lọ sọ fún onílé pé ilé ń jò, ṣùgbọ́n kó má dààmú, àkàbà rẹ̀ la fẹ́ yá, ọkọ òun máa gòkè lọ tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ilé ń jò. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe àkàbà. Ó sọ èyí tó mọ̀, ó kúnlẹ̀, ó padà wálé. Kò pẹ́ tí ìyá onílé fi dé, ó ti ro aṣọ mọ́ àyà gírígírí, ó ń pariwo pé ṣé ilé tí ọkọ òun fi òógùn rẹ̀ kọ́ kí ó tó kú ni a wá ń bú. Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́ ní Twi, "medaase, Maame, medaase", ó rò pé ọ̀rọ̀ àkàbà ni ìyá náà ń bá bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò parọ́ o. Ohun tó sọ, òótọ́ ni. Èyí tó fi sílẹ̀ ló di ìjà.

Mo sọ ọ́ fún ọmọ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n yín gan-an ló wà nínú ẹ̀rọ mi! Kí ni Màmá àgbà wá ṣe fún wọn?"

"Wọ́n fa etí rẹ̀. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé e, kó padà wá béèrè kó tó kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn."

Ó nu ojú rẹ̀. "Mo máa fa etí tèmi náà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sórí bẹ́ǹṣì mi, láàárín ìyẹ̀fun igi, ó sì jókòó tì í. Ó kọ́ ògbufọ̀ náà ní bí káfíńtà ṣe ń kọ ìwọ̀n, odindi, àyè, ìdá, kó sì ro wọ́n pọ̀ di nọ́ńbà kan tí ẹ̀rọ lè gbà. Ó ní bí nǹkan kan bá ṣẹ́ kù tí kò yé e, kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ kankan jẹ́, ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ yí. Kó padà wá bi mí. Ó sì kọ ìbéèrè náà ní Yorùbá, nítorí tèmi.

"Ẹ dán an wò, Bàbá."

Mo tẹ "méje àti díẹ̀". Ó kọ ọ́ síwájú mi pé: Kò yé mi, ẹ tún un kọ. Mo tẹ méje, mo fi àyè sílẹ̀, mo tẹ ìlà láìsí nọ́ńbà kankan lókè tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò yé mi, ẹ tún un kọ. Mo tẹ "òmùgọ̀".

"Bàbá! Ẹ̀ ń bú u?"

"Mò ń dán an wò ni. Kò yé e, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó gbẹ̀kọ́ ju ìwọ lọ."

Mo wá tẹ méje àti ààbọ̀ mi, bí bàbá mi ṣe kọ́ mi. Ó béèrè pé: Ṣé ínṣì méje àti ààbọ̀ ni? Kí n gé? Mi ò mọ ìgbà tí mo dá a lóhùn pẹ̀lú ẹnu. Mo ní, "Gé, ọmọ mi."

Ìrókò tó ṣẹ́ kù kò gba àṣìṣe mọ́. Ọmọ mi ní kí a kọ́kọ́ gé wawa, igi fúyẹ́fúyẹ́ tí kò gbówó lórí, kí a fi wò ó nínú férémù. Ó wọlé. Nígbà náà la tó tẹ́ ìrókò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń béèrè, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mò ń dá lóhùn. Ní ọjọ́bọ̀, kí wọ́n tó pe ìrun àsárì, mo fi òòlù onígi lu pákó tó kẹ́yìn wọlé. Mo gbé ilẹ̀kùn dúró, mo mì í bí ẹni mi igi ọsàn. Kò sí ohun tó dún. Àwọn pákó tó kúrú, mo fi wọ́n kan pẹpẹ bàtà fún ẹnu ọ̀nà àwọn obìnrin. Nǹkan kì í ṣòfò lọ́wọ́ mi.

Mo fẹ́ sọ ohun tí mò ń dúpẹ́ fún, kí ẹ má rò pé ti ilẹ̀kùn nìkan ni. Ọmọ yẹn ní ẹnu láti sọ pé èmi ni mo ṣì í kọ. Ìwé tó kà ju ìwé mi lọ, ẹ̀rọ tirẹ̀ ni, ó lè ní láti òní lọ kí n máa kọ pọ́ìntì bíi tòun. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀ bó ṣe wà, ó lọ tún ọ̀nà tó wà láàárín ṣe. Ọ̀nà tí bàbá mi gbà ń kọ ìwọ̀n sára pákó ti wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà báyìí. Ọmọ púpọ̀ ló kàwé ní Kumasi. Ẹ fi irú èyí hàn mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ la gbé e kọ́. Alhaji ti débẹ̀ ṣáájú wa. Ó fi ìka kan ti ilẹ̀kùn, ó ṣí. Ó fi ìka kan náà fà á, ó pa dé. Ó bọ́ sí inú, ó ní kí n tì í mọ́ òun. Mo tì í. Mo gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ tó ń kan àwọn pákó náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú.

Ó jáde. "Mi ò rí ẹnikẹ́ni níta."

"Ìmọ́lẹ̀ gan-an tọrọ àyè, Alhaji, n kò fún un."

"Madalla," ó fi Hausa yìn mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ, nítorí kò fẹ́ kí n rí i pé inú rẹ̀ dùn.

Lẹ́yìn ìrun, ó gba gbohùngbohùn láti ṣe ìkéde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fún wa ní sìmẹ́ńtì, àwọn tó fún wa ní ẹní. Ó wá ní kí gbogbo èèyàn bá òun ṣàdúrà fún káfíńtà wa, ọmọ káfíńtà wa àtijọ́, tí kò jẹ́ kí irin gba ẹnu ọ̀nà wa. Kó tó parí gbólóhùn náà ni mo ti dìde, kí gbogbo wọn lè rí mi. Ó ṣàdúrà, wọ́n ṣe àmín, ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ táǹkì omi. Mo ṣì wà lórí ìdúró.

"Káfíńtà, kí ló dé? Àdúrà kan kò tó ọ ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

"Ó tó mi, Alhaji. Ọmọ mi obìnrin ni ẹ kò tíì dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló kọ́ ẹ̀rọ ní ínṣì. Láìsí òun, ajere lẹ bá máa kírun lẹ́yìn rẹ̀ lónìí."

Alhaji wo ìhà ibi tí wọ́n fi aṣọ pín sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin. "Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ látàárọ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ di gbohùngbohùn mú."

Ó mi orí, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà ti ọmọ mi. Ó gùn ju tèmi lọ. Kò dùn mí. Nígbà tó parí, àmín àwọn obìnrin gba gbogbo ilé, mo sì gbọ́ ohùn ìyàwó mi láàárín wọn, ohùn tó máa ń lò bó bá ń pè mí láti òdìkejì títì. Èmi náà pariwo tèmi débi pé ọkùnrin tó jókòó tì mí fọwọ́ bo etí.